Wọ́n Ní Àwo Orin Goulven Falẹ̀

                                                  Ilé Kerveur,
                                                  Lannvihan,
                                                  Brítánì, ilẹ̀ Faransé.
                                                  Ogúnjọ́, Oṣù Kọkànlá, 2019.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú òtútù Kẹbẹ́ẹ̀kì, tí mo gbọ́ pé ó ti tètè dé lọ́dún yìí. Ṣé ara yín le? Ọkọ yín ńkọ́, ṣé ojú tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ti ń ríran dáadáa? Rozenn ọmọ yín ńkọ́, ṣé ó ti bímọ ni àbí a ṣì ń retí? Bí ó bá ti bí i, ẹ bá mi gbé ọmọ náà mọ́ra, kí ẹ sọ fún un pé ìyá rẹ̀ àgbà kan wà ní Lannvihan. Àwa náà wà níbí, à ń mí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mímí yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ.

Mo mọ̀ pé inú ti ń bí yín sí mi. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án ni mo ti rí lẹ́tà yín gbà, tí n kò fèsì. Ẹ ní kí n gba fèrè lọ́wọ́ ọkọ mi Goulven kí ó tó fi pa ara rẹ̀. Ẹ ní èmi nìkan ni ó lè gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ tọ́ àbúrò yín dàgbà, ẹ mọ̀ pé kò gbọ́ràn sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu rí. Ṣùgbọ́n mo ti ṣèlérí fún yín pé n óò gbìyànjú, mo sì gbìyànjú. Ó kàn rẹ̀ mí débi pé ọwọ́ mi kò lọ sídìí bíírò láti sọ ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ.

Àwo orin tuntun Pemp Bran, ẹgbẹ́ olórin Goulven, jáde ní ìparí oṣù kẹsàn-án, àkọ́kọ́ wọn láti ọdún mọ́kànlá. Ẹ ó rántí ọjọ́ tí wọ́n fi kannakánná márùn-ún sọ ẹgbẹ́ náà lórúkọ nínú ilé ìdáná ìyá yín, tí fàdá sì ń wàásù pé gìtá oníná fẹ́ ba orin àwọn àgbà jẹ́. Nínú àwọn márùn-ún yẹn, Goulven àti Denez tó ń ta gìtá nìkan ló kù. Àwọn mẹ́ta yòókù tí wọ́n jọ ń ṣeré báyìí kò ju ọmọ wa lọ. Ẹ̀dọ̀fóró Goulven, bí ẹ ṣe mọ̀, kò gbé e mọ́. Èémí tó máa ń fi fọn fèrè bọ̀mbáàdì rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ijó gàfọ́ọ̀tì dé òpin, kò tó ìlàjì rẹ̀ mọ́. Kí ó lè ráyè mí, ó mú kí gbogbo orin ijó inú àwo náà falẹ̀. Ó sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé bí orin ṣe ń wá sí òun lọ́kàn báyìí nìyẹn. Denez wò ó, ó wò mí, ó sì ń yí okùn gìtá rẹ̀ lọ.

Nílé ni ó ti mú mi búra. Ó ní n kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ nípa ẹ̀dọ̀fóró òun, yàtọ̀ sí ẹ̀yin tí òun fẹnu ara òun sọ fún. Ó ní bí wọ́n bá mọ̀, wọn kò ní gbọ́ orin mọ́, ńṣe ni wọn óò máa wá wo òun bí ẹni wá kí aláìsàn. Mo búra. Ìbúra yẹn ni ó wá di ẹrù lọ́rùn mi.

Nítorí pé èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ wọn, ilé ìdáná mi ni gbogbo èébú ń bá mi sí. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ nìkan, lẹ́tà méjìdínlógún. Obìnrin kan ní Brest ní òun ra méjì, ọ̀kan fún ara òun, ọ̀kan fún ìsìnkú ìyá òun, òun sì ti rí i báyìí pé ti ìsìnkú ni méjèèjì. Ọkùnrin kan ní òun gbé ẹ̀rọ òun lọ fún ẹni tó ń tún un ṣe, ẹni yẹn sì ní ẹ̀rọ kò bàjẹ́, kí ó lọ bá àwọn tó kọrin. Lórí fésíbúùkù, ẹnì kan kọ ọ́ pé, “Kannakánná ti di ìgbín,” àìmọye ènìyàn ló sì ń rẹ́rìn-ín sábẹ́ ẹ̀. Ọmọlúàbí kan tó ní òun àti ìyàwó òun máa ń gbọ́ ọ bí àwọn bá ń bó ẹ̀wà, pé ó dùn létí àwọn, bí ogún ènìyàn ló kó bò ó pé kò mọ ijó. Àwọn ọmọdé tí kò jó rí láyé wọn ní ó jinlẹ̀. Ìyẹn gan-an ló mú àwọn àgbà bínú jù.

Èyí tó burú jù ni ti Lomig. Ẹ mọ Lomig Kerneis, òun ló ṣáájú ìlà ijó níbi ìgbéyàwó yín. Ó ti pé ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin báyìí, òun náà ló ṣì ń ṣáájú. Ó kọ ojú ìwé mẹ́rin. Ó ní òun jókòó ti ẹ̀rọ pẹ̀lú aago lọ́wọ́, òun sì ka iye ìṣísẹ̀ tó wà nínú ìṣẹ́jú kan, ti àwo àtijọ́ lápá kan, ti tuntun lápá kejì, ó fi rúlà fa ìlà sáàárín wọn. Nísàlẹ̀ ó kọ ọ́ pé, “Goulven, kí la ṣe fún ẹ?” Mo fi lẹ́tà náà pamọ́ sínú agolo ìyẹ̀fun, n kò mọ̀ pé ọjọ́ náà gan-an ni ọkọ mi yóò pinnu láti fọwọ́ ara rẹ̀ din krampouezh. Ó kà á lórí ìdúró, ìyẹ̀fun ń já sílẹ̀ lára ìwé. Ó ní, “Ó kà á dáadáa. Bó ṣe rí náà nìyẹn.” Kò jẹun lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju gbogbo èébú lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo rìn dé ẹnu géètì Lomig láti lọ tú àṣírí náà síta, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo padà.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá yìí wá ni ijó ọ̀sán ti Lannvihan. Láàárọ̀ ni mo ṣe ohun tí ẹ ní kí n ṣe. Mo na ọwọ́, mo ní kí ó gbé fèrè náà fún mi, pé n óò sọ fún wọn pé ọ̀fìnkìn ni. Ó ní, “Soizig, tí mi ò bá lọ fọn ọ́n, wọ́n á ní ojú ló ń tì mí. Ojú ò tì mí.” Mo sọ ọwọ́ mi kalẹ̀. Ẹ ó ti máa sọ pé mi ò gbìyànjú tó.

Ìdí tábìlì tí a ti ń ta àwo ni mo jókòó sí, lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, nítorí ìbàdí mi. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí n kò jó. Kò sẹ́ni tó rà. Wọ́n á gbé e, wọ́n á yí i wò, wọ́n á dá a padà bí ẹja tí ojú rẹ̀ ti ṣú. Níbi tí wọ́n ń fi kóòtù kọ́ lẹ́yìn mi ni mo ti gbọ́ ohùn Lomig, tó ń pín àṣẹ:

“Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ ìfàlẹ̀ ẹ̀, ẹ má dá a lóhùn o. Ẹ jó o bí ẹsẹ̀ yín ṣe mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kó gbọ́ pákó ilẹ̀.”

Armelle oníbúrẹ́dì ní, “Ẹ̀gbọ́n, orúnkún wa ńkọ́?”

“Ẹni tí orúnkún bá ń dùn, kó lọ jẹ krampouezh níta!”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò tíì mọ bí ọ̀rọ̀ náà yóò ṣe le tó.

Goulven fi fèrè sẹ́nu. Bí ọgọ́ta ènìyàn fi apá kọ́ apá, Lomig níwájú. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ nígbà tó wà lọ́mọdé pé afọnfèrè kì í wo ìka ara rẹ̀, ẹsẹ̀ àwọn oníjó ló ń wò. Láti ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta, ẹsẹ̀ ló ń wò. Nígbà tí ọgọ́ta ènìyàn wá ń lu pákó ní kíákíá, ẹsẹ̀ wọn fà á. Mo rí i bó ṣe kúrò lórí ìrìn tirẹ̀, tó ń tẹ̀ lé wọn. Denez gbìyànjú láti fi gìtá dá a dúró, kò ṣeé ṣe. Wọ́n pariwo pé, “Òun nìyẹn! Goulven ti jí o!” Àyíká kejì, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ síta. Àyíká kẹta, ètè rẹ̀ dúdú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé ìparí ohùn orin jẹ, àwọn aláìmọ̀kan sì rò pé àrà ni ó ń dá. N kò rí i kí ó dáwọ́ dúró rí nígbà tí ìlà bá ń lọ. Mo mọ̀ pé kò ní dúró. Ẹ̀rù bà mí bí kò ṣe bà mí rí.

Mo kúrò nídìí tábìlì. Ẹ mọ̀ pé ìrù ìlà ni ẹni tó bá pẹ́ dé ti ń wọlé, àti pé ọmọ tó bá já wọ ẹ̀yìn aṣáájú, etí rẹ̀ ni wọn óò fà. Mo lọ tààrà, mo já apá Armelle kúrò lára Lomig, mo ki tèmi bọ̀ ọ́.

“Soizig! Ṣé orí ẹ dàrú ni? Ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbà wọlé!”

“Mo mọ̀.”

“Ìbàdí ẹ ńkọ́?”

“Ó ń pa mí. Ẹ rọra máa gbé mi lọ, ẹ̀gbọ́n, tàbí kẹ́ ẹ já mi sílẹ̀ lójú gbogbo Lannvihan.”

A kì í já ènìyàn sílẹ̀ nínú ìlà. Ó wa eyín pọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tiro, mo sì gbé gbogbo ara mi kọ́ ọ lápá, ẹ sì mọ̀ pé mi ò fúyẹ́. Iwájú falẹ̀, ẹ̀yìn kọlu iwájú, ẹnì kan ṣépè lókè lọ́hùn-ún, lẹ́yìn náà gbogbo ìlà falẹ̀. Ojú Goulven wà lára ẹsẹ̀ wa. Ó ń bá wa bọ̀ wálẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dé ibi tó wà nínú àwo. Mo gbọ́ ohùn fèrè tó lọ tán dé ìparí, mo sì mọ̀ pé ó ti rí èémí mí.

Ohun tí n kò retí ni pé wọ́n jó o. Ìgbésẹ̀ kékeré kan wà nínú gàfọ́ọ̀tì tí Lomig kì í ráyè fi sí i mọ́ nítorí ìyára orin, mo rí i tó fi í sí i. Armelle ń sọ lẹ́yìn mi pé, “Bí ìyá mi ṣe ń jó o rèé, bó ṣe ń jó o rèé.” Nígbà mìíràn ìdajì wọn á ti lọ jókòó fi ọwọ́ pa orúnkún, lọ́tẹ̀ yìí wọ́n jó o tán. N kò ní parọ́ fún yín, kì í ṣe gbogbo wọn ló fẹ́ràn rẹ̀. Tọkọtaya méjì mú kóòtù wọn, wọ́n ní ijó àwọn tó ń dúró de bọ́ọ̀sì ni. Ṣùgbọ́n àwo mẹ́rìnlá tà. Lomig nu ojú rẹ̀, ó ní kí n tọ́jú ìbàdí mi, pé òun yóò nílò rẹ̀ ní Kérésìmesì. N kò mọ̀ bóyá ó ti fura.

Nínú ọkọ̀, nígbà tí a kọjá afárá, Goulven bi mí pé:

“Ìbàdí wo ló ń dùn ẹ́?”

“Tòsì.”

“Ọ̀tún lo fi ń tiro.”

Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín di ikọ́, ó ní láti dá ọkọ̀ dúró lẹ́bàá ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Mo di ẹ̀yìn rẹ̀ mú títí ó fi rọlẹ̀. Ó ní nígbà tí òun rí mi tí mo ń bọ̀, òun rò pé mo fẹ́ já fèrè gbà lẹ́nu òun lójú gbogbo ènìyàn ni, àti pé ká ní mo ṣe é ni, òun kò ní bá mi wọ ọkọ̀ náà. Lẹ́yìn náà ó béèrè bí ọmọdé pé, “Ó dùn, àbí kò dùn?” Mo ní ó dùn. Òótọ́ ni, ó dùn.

Denez ní kí n kí yín, ó ní ẹ jẹ òun ní ijó kan. Armelle ń kí yín, ó ń béèrè bóyá Kẹbẹ́ẹ̀kì ní bọ́tà gidi. Ẹ bá mi kí ọkọ yín, kí Rozenn, kí ẹni tó wà nínú rẹ̀ tàbí lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti kí gbogbo ènìyàn tán, n kò sì tíì sọ èyí tó kù.

Ijó ọ̀sán mẹ́ta ṣì wà níwájú kí Àjíǹde tó dé. Dókítà ní òun kò lè sọ pé yóò fọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tán. Nígbà tí a délé lọ́jọ́ Àìkú náà, Goulven gbé fèrè sórí tábìlì níwájú mi, ohun tí kò ṣe rí. Ó ní, “Mo mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n mi Marivon ní kó o ṣe. Ó ti rẹ̀ mí láti máa bá ẹ̀yin méjèèjì jà. Ohun tó o bá fẹ́, ṣe é.” Ó lọ bọ́jú. Mo jókòó ti fèrè náà, ó ṣì tutù fún itọ́ rẹ̀. Ẹ ní kí n gba fèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Mo gbà á. Mo tú u, mo nù ún gbẹ, mo tò ó padà, mo sì gbé e lé e lọ́wọ́.

Ẹ má bínú sí mi.

                                                  Èmi ni ìyàwó yín tó ti rẹ̀,
                                                  Soizig.