Ẹ Má Gba Ipò Àgbà Lọ́wọ́ Ilé-ìwé Mùsùlùmí Ìdí-Ìyeyè

South Shore,
Chicago, Illinois.
Ọjọ́ Kẹtàlá, Oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ,
Ẹgbẹ́ Ọmọ Ìdí-Ìyeyè ní Chicago,
Homewood, Illinois.

Ẹ̀yin Ọ̀gá wa,

Ẹ̀HONÚ LÓRÍ Ẹ̀RÍ TÍ Ẹ FẸ́ JẸ́ FÚN ÌJỌBA NÍPA ILÉ-ÌWÉ TÓ JẸ́ ÀGBÀ

1. Ilé-ìwé Mùsùlùmí ni mo lọ ní Ìdí-Ìyeyè. Ní ìpàdé tó kọjá, ẹ sọ fún wa pé ìjọba fẹ́ pa ilé-ìwé méjèèjì tó wà nílùú pọ̀, nítorí pé ọmọ kò pọ̀ mọ́. Àwọn òbí ti kó lọ sí Ìbàdàn àti Èkó. Orúkọ èyí tó bá jẹ́ àgbà nìkan ni wọn yóò fi sílẹ̀. Ẹ sì ti múra láti jẹ́rìí pé ilé-ìwé Ìjọ, tó wà lórí òkè, ni àgbà.

2. Ìdí tí ẹ fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ fi bíríkì kọ́lé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí bíríkì náà tó dé, Ààfáà Uthman, tó dá ilé-ìwé wa sílẹ̀, ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé kíkà àti ìṣirò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́ṣáláṣí. Àwọn kan nínú yín ń pe èyí ní ilé-kéú lásán.

3. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀díẹ̀. Ìwé ìtàn ìlú tí ẹgbẹ́ wa tẹ̀ jáde fi yangàn pé lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ilé-ìwé orí òkè, kíláàsì kẹta ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ọpọlọ àwọn ọmọ ìlú wa jí pépé. Ó jí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n níbo ni wọ́n ti ka kíláàsì kìn-ín-ní àti ìkejì, nílùú tí kò sí ilé-ìwé mìíràn? Ọ̀dọ̀ Ààfáà ni wọ́n ti gòkè lọ.

4. Iṣẹ́ mi ní Hyde Park ni ìtọ́jú ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé. Ọjọ́ tí ọmọ bá dé ayé ni a ti ń ka ọjọ́ orí rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí òbí rẹ̀ ra bẹ́ẹ̀dì fún un.

5. Nígbà tí mo sọ èyí ní ìpàdé, akọ̀wé wa, Ẹ̀gbọ́n Àdùfẹ́, dáhùn pé: “Dókítà, owú ló ń pa ọ́! Ṣebí Kẹ́hìndé tó jáde kẹ́yìn náà ni àgbà?” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ìbejì kọ́ ni wá o. Àwọn ọmọ wa ni wọ́n fi ṣí ilé-ìwé tiwọn.

Ní ti owú, n kò jiyàn. Mo ń jowú. Lọ́dọọdún, níbi àjọ̀dún ẹgbẹ́ wa ní gbọ̀ngàn Homewood, àwọn ará orí òkè ló ń kọ́kọ́ wọlé, torí pé àgbà ló ń ṣíwájú. Àwa a dúró lẹ́nu ọ̀nà, a ó máa di gèlè mú nínú afẹ́fẹ́. Òrùlé tuntun tí ẹgbẹ́ fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ sílé, tiwọn ni. Kọ̀ǹpútà, tiwọn ni. Omi ẹ̀rọ, tiwọn náà ni. Lọ́dún yìí, Firdaus ọmọ mi, tí mo bí síbí, bi mí bóyá ilé-ìwé mi tiẹ̀ wà rí.

6. Mo bẹ̀ yín, ẹ dá ẹ̀rí náà dúró. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ kíláàsì kẹta yẹn fún ìjọba bó ṣe rí, kí orúkọ wa má baà parẹ́. N kò ní kí ẹ gba ohunkóhun lọ́wọ́ àwọn ará orí òkè. Kí wọ́n máa lò ó. Àwa kò ní ohun mìíràn ju pé a ṣáájú wọn lọ. Ẹ má bá wa fi ìyẹn tọrẹ.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èmi ni tiyín, tí ń retí èsì,

Dókítà Muminat Ẹ̀rínọlá,
Akẹ́kọ̀ọ́ àná, Ilé-ìwé Mùsùlùmí, Ìdí-Ìyeyè.