Má Pa Kwaku Alágbára

Krofrom, Kumasi,
Oṣù Kẹjọ, 1958.

Ṣàkírù Àjàní, ọmọ mi, ọkọ mi,

Àlàáfíà kí ó máa bá ọ gbé ní Accra níbẹ̀ o. Ara wa le, a dúpẹ́, bí kò ṣe orúnkún mi tó máa ń dùn mí bí òjò bá ti ṣú. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ọwọ́ tí o fi ń mú kálàmù rọ, àmín. Àtinúkẹ́ àbúrò rẹ ti bí ọkùnrin làǹtì-lanti, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ wa jẹ ìwé ìbí tí wọ́n fún un ní ọ́fíìsì, mo sì ti ní kí ẹnikẹ́ni má tà á mọ́, torí pé inú rẹ̀ ni orúkọ ọmọ wà báyìí.

Tò. Ṣẹ̀rífù télọ̀, tó ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, ló ka tìrẹ sí mi létí. O ní ọdún mẹ́jọ tí o ti ń ya àwòrán Kwaku Alágbára, tí o ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn ọjọ́ Sátidé, ti tó gẹ́ẹ́, pé ó ti sú ọ, pé bí oṣù yìí bá ti ń parí o máa pa á kí o lè sinmi. Mo ní kí Ṣẹ̀rífù tún un kà. Ó tún un kà, pípa náà ṣì wà níbẹ̀. Ṣàkírù, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ṣé èmi ni mo wá bí apànìyàn?

Kí ló ṣe fún ọ? Ọkùnrin tó fi èjìká gbé afárá lọ́jọ́ tí rélùwéè fẹ́ já sómi, tí kò gba tọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni! Òótọ́ ni pé èmi náà bínú sí i níbẹ̀rẹ̀. Nǹkan funfun tó máa ń wà lẹ́nu rẹ̀ nínú gbogbo àwòrán yẹn, mo rò pé èéfín sìgá ni, mo sì ń sọ pé bí alágbára bá ń fa sìgá tó báyìí, ikọ́ ni yóò pa á. Ama tísà, ayálégbé wa tó máa ń fi èdè Twi túmọ̀ rẹ̀ fún wa, ló ní ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mo tún ti rò pé ọmọ ìyá mẹ́sàn-án tó jọra ni wọ́n, tí kálukú dúró sójú fèrèsé tirẹ̀, àfi ìgbà tí Ama ní ẹnì kan ṣoṣo ni, ó ń ti fèrèsé kan bọ́ sí èkejì ni. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Láti ìgbà yẹn, bí Sátidé bá dé, mo máa ń tètè palẹ̀ abẹ́rẹ́ àti òwú mi mọ́ lọ́jà kí n lè wá gbọ́ bó ṣe ṣe é.

Ṣẹ̀rífù fi mí rẹ́rìn-ín títí, ó ní kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, pé íńkì lásán ni. Mo ní kó panu mọ́. Ìwé ìròyìn yẹn kan náà ló gbé e jáde lọ́dún tó kọjá pé Ghana ti gba òmìnira, ṣé íńkì lásán nìyẹn náà?

Mo bá lọ bá Àlùfáà Jímọ̀h. Mo dín mọ́sà, mo ra wàrà, mo ní kí wọ́n bá wa ṣe sàráà kí ẹ̀mí Kwaku má bọ́ sí ọ lọ́wọ́. Wọ́n béèrè orúkọ rẹ̀, mo sọ ọ́. Wọ́n wá béèrè orúkọ ìyá rẹ̀, ìwọ náà sì mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń ṣe àdúrà nìyẹn, a gbọ́dọ̀ pe èèyàn mọ́ ìyá tó bí i. Mo ro ọdún mẹ́jọ náà látòkè délẹ̀. Ṣàkírù, o kò fún un ní ìyá. N kò rí i kí ó jẹun rí, n kò rí ibi tó ti sùn kí ẹnì kan bò ó láṣọ. Ó máa gba ìlú là tán, á tún dá nìkan fò lọ. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ro ìwọ náà ní Accra, omi sì bọ́ lójú mi. Mo ní, “Sùwéébátù ni.” Àlùfáà wò mí, wọ́n ní orúkọ tèmi mà nìyẹn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n máa bá àdúrà lọ. Gbogbo wa ṣe àmín. Ama tó jẹ́ onígbàgbọ́ náà ṣe é, ó sì jẹ mọ́sà mẹ́fà.

Nítorí náà, àbúrò rẹ ni Kwaku báyìí. Bó bá rẹ̀ ọ́, n kò dá ọ lẹ́bi, ọdún mẹ́jọ kì í ṣe ọjọ́ mẹ́jọ. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ náà ṣiṣẹ́ rélùwéè títí ó fi rẹ̀ wọ́n, a kò pa wọ́n, ilé la ní kí wọ́n wá jókòó sí. Mú un wá sílé. Má jẹ́ kó fò nínú òjò yìí, kó bá ọ wọ lọ́rì Yaw tó ń ná Kumasi sí Accra, torí pé kò mọ ọ̀nà Krofrom, ìwọ náà sì ti ń gbàgbé rẹ̀, ó di ọdún mẹ́rin tí mo ti rí ọ kẹ́yìn. Fi owó díẹ̀ rán Yaw ṣáájú, kí n ra páànù síbi tó ń jò nínú yàrá rẹ, kí n sì ra bẹ́ẹ̀dì kan sí i, ẹni tó sanra tó yẹn kò lè sùn lórí ẹní. Ṣẹ̀rífù kò rẹ́rìn-ín mọ́, ó ní kí o fi ìwọ̀n ìbàdí rẹ̀ ránṣẹ́ kí òun rán ṣòkòtò tí kò ní fún mọ́ ọn lára bíi tinú àwòrán.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ yín lójú ọ̀nà. Iṣẹ́ mìíràn tí o fẹ́ dáwọ́ lé yóò san ọ́, kò sì ní gba ẹ̀mí ẹnikẹ́ni. Ẹ tètè máa bọ̀, màá ti gbé oúnjẹ kaná.

Èmi ni, ìyá ẹ̀yin méjèèjì,
Sùwéébátù.