Fìtílà tí a gbé sómi fún Tetsuji

Màmá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ara mi le, mo sì ń jẹun dáadáa. Ẹ má ṣèyọnu láti wá.

Lánàá la ṣe ọdún ìgbà ooru fún àwọn òkú wa. Àwọn aládùúgbò jó, kálukú sì gbé fìtílà bébà sójú òkun fún òkú tirẹ̀. Láti ìgbà tí ọkọ̀ apẹja Tetsuji ọkọ mi ti sọnù, ìyá rẹ̀ ò gbà kí ẹnikẹ́ni pè é lókùú. Ìyá rẹ̀ yìí náà ló na fìtílà kan sí mi lánàá.

“Chizuru, bá mi kọ orúkọ rẹ̀ sí i.”

Mo kọ ọ́. A jọ gbé e sómi, a sì dúró títí a ò fi rí i mọ́.

Ẹ bá mi kí bàbá. Ẹ sọ fún wọn pé lọ́dún yìí, èmi náà jó.