Yorùbá Tí Ìyá Ràmọ́tà Ń Wá

Ọjọ́bọ̀, oṣù Kẹfà, 1992

Ìrántí ni pípa ohun tí a kọ́ mọ́, àti mímú un jáde nígbà tí a bá fẹ́ ẹ. Mímú un jáde ló nira fún Ìyá Ràmọ́tà látìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti kọ lù wọ́n. Faransé tí wọ́n kọ́ nígbà tí wọ́n ń ṣòwò ní Àbíjáǹ nìkan ni wọ́n ń sọ báyìí.

Ìyàwó ọmọ wọn ò gbà pé Yorùbá ti sọnù lẹ́nu wọn. "Dókítà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín. Faransé yìí náà ni wọ́n fi máa ń bú mi."

Ó fẹ́ mú wọn lọ sí ilé kan ní Másífà lọ́la, níbi tí ẹnikẹ́ni nínú ilé náà ò ti gbọ́ Faransé. Bí òǹgbẹ bá wá ń gbẹ wọ́n ńkọ́...

Kí n tètè dé ilé ìyàwó lọ́la kí ọkọ̀ tó wá gbé wọn. Kí ìyàwó fúnra rẹ̀ gbé ife omi síwájú wọn, kó ní "omi", kó dákẹ́, kó máa wo ẹnu wọn bí wọ́n ṣe ń wá ọ̀rọ̀ náà.