Ìkẹ́dùn Ikú Dókítà Olúfẹ́mi Bámidélé, àti Ẹ̀bẹ̀ Lórí Ilẹ̀kùn Ilé Ìwòsàn Rẹ̀

Ẹgbẹ́ Ìyálọ́mọ Gàmbàrí, Ìlọrin
Oṣù Kẹfà, 1979

Sí Bàbá Olúdáre, ẹ̀gbọ́n olóògbé, àti Màmá Títílayọ̀, aya olóògbé, ní Ọ̀mù-Àrán.

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn tí omijé kò lè sọ tán ni a fi gbọ́ pé mọ́tò dànù, ó sì gba ẹ̀mí Dókítà bí ó ti ń ti ibi ìpolongo ìbò tó ń dù bọ̀. Ilé yín nìkan kọ́ ló ṣófo.

Kí ogun abẹ́lé tó dé, Dókítà ń wọ agboolé wa láìbèèrè ìlú tàbí ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni. Ogun pè é, ó lọ tọ́jú àwọn sójà. Ó tiro bọ̀, bàtà sójà tó wọ̀ bọ̀ náà ló sì ń wọ̀ gún wa ní abẹ́rẹ́, tí àwọn ọmọ fi ń pè é ní Sójà Alábẹ́rẹ́. Lóṣù tó kọjá, ó ń bá èrò sọ̀rọ̀ ní Post Office nígbà tí bàbá kan ṣubú. Ó ju makirofóònù sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ tì í. Ẹnìkan pariwo pé, "Dókítà, ìbò ńkọ́?" Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí bàbá mí ná!" Kò padà sórí ọ̀rọ̀ náà mọ́.

Ẹ dákun, ẹ má bínú pé a ń tọrọ nǹkan nínú ọ̀fọ̀. A mọ̀ pé ọ̀wọ̀ òkú ni ẹ fi ti ilé ìwòsàn rẹ̀ níbí pa lánàá títí ogójì ọjọ́ yóò fi pé. Ṣùgbọ́n Rokibat, ọmọ ẹgbẹ́ wa, ń rọbí láti àárọ̀, ọmọ sì dábùú nínú rẹ̀. Dókítà ló ti ṣèlérí iṣẹ́ abẹ fún un. Nítorí ìlérí yẹn ni Dókítà kò fi gbà láti sùn lọ́nà lálẹ́ ọjọ́ tí mọ́tò náà dànù. Ọsibítù tí a gbé Rokibat lọ ní kò sí dókítà lẹ́nu iṣẹ́. Dókítà Danjuma, ọ̀rẹ́ olóògbé láti ojú ogun, tó wá kẹ́dùn, ti ṣetán láti ṣe é. Inú ilé ìwòsàn náà ni gbogbo irinṣẹ́ wà, ó sì ní òun kò ní fọ́ ilé ọ̀rẹ́ òun láìgbàṣẹ yín.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ rán Jímọ́ọ̀ tó mú ìwé yìí wá. Kò ní jókòó, ẹ má wulẹ̀ bu oúnjẹ fún un. Bí oòrùn bá ń wọ̀ tí kò tíì dé, àwa obìnrin yóò já ilẹ̀kùn náà, a ó sì wá kúnlẹ̀ bẹ̀ yín. A ó dúró ti Màmá àti àwọn ọmọ bí ó ti wù kí ó rí.

Rokibat kò tíì mọ̀. Ó ṣì ń sọ pé, "Ẹ má dà mí láàmú, Dókítà ní òun ń bọ̀."

Kí Ọlọ́run wọ ilé yín, kó rẹ̀ yín lẹ́kún, kó má sì jẹ́ kí a tún ti ibi òkú kan bọ́ sí òmíràn.

Jummai, Akọ̀wé
fún Ìyá Àṣàbí, Alága