Aṣọ Tí Abẹ́rẹ́ Ò Gbọdọ̀ Kàn

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Mo tún lọ sí ọ́fíìsì àwọn awáṣẹ́ lónìí. Ìgbà kejìdínlógún rèé láti ìgbà tí iléeṣẹ́ aránṣọ wa ti kógbá sílé. Ọkùnrin orí tábìlì kẹta ló tún kàn mí — Ọ̀gbẹ́ni Ẹ-Padà-Wá. Èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí gbólóhùn tó mọ̀ jù nìyẹn. Ṣùgbọ́n lónìí kò ní kí n padà wá. Ó ti fọ́ọ̀mù kan sọ́dọ̀ mi, ó ní ètò tuntun ìjọba ti dé. Ẹni tó bá fẹ́ máa gba owó ìrànwọ́ lọ gbọ́dọ̀ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n bá ní kó lọ. Bí ọ̀gá ibẹ̀ bá kọ ìròyìn rere, wọ́n lè gbà á síṣẹ́ pátápátá. Bó bá kọ burúkú, owó ìrànwọ́ dúró fún oṣù mẹ́ta.

Mo ní níbo? Ó ní ilé ìfọṣọ ọsibítù.

Èmi! Ọdún mẹ́tàlélógún lórí maṣíìnì, èmi tí ọ̀gá àgbà máa ń fi kọ́là tí mo rán yangàn fún àlejò. Kí n wá máa fọ ìdọ̀tí aláìsàn. Mo bínú débi pé bírò fẹ́rẹ̀ẹ́ ya ìwé. Ṣùgbọ́n mo fọwọ́ sí i. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Yàrá ẹ̀yìn ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo ń gbé, ọdún kejì rèé. Ẹ̀gbọ́n mi ò lé mi o. Ṣùgbọ́n ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí pé "ṣé o ti jẹun?" bí ẹni ń bi àlejò. Kọ́kọ́rọ́ ilé tèmi ni mo ń wá. Ìyẹn nìkan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Abẹ́ ilẹ̀ ọsibítù ni ilé ìfọṣọ wà. Ẹ̀rọ mẹ́fà, kò sí fèrèsé àfi ẹyọ kan, ooru ibẹ̀ tó se ẹyin jinná. Ọ̀gá ibẹ̀: obìnrin kúkúrú, á tó ọmọ ọgọ́ta ọdún, sálúbàtà lẹ́sẹ̀, apá gbọ̀ngbọ̀n. Kò kí mi káàbọ̀. Ó gba ọwọ́ mi, ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó ní, "Lọ gé èékánná ẹ." Mo ti sọ ọ́ lórúkọ: Màmá Kògbagbẹ̀rẹ́.

Àwa méjì la ti ọ́fíìsì wá. Ẹnìkejì mi jẹ́ akọ̀wé báńkì tẹ́lẹ̀, ọkùnrin jẹ́jẹ́, irun rẹ̀ ti ń funfun. Ó wọ táì wá. Táì o, sí ilé ìfọṣọ! Màmá wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní kó kì í bọ inú ṣẹ́ẹ̀tì kí ẹ̀rọ má baà fà á lọ́rùn. Onítáì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fi oyè dá lọ́lá.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Apá ń dùn mí. Ẹ̀yìn ń dùn mí. Irun orí mi nìkan ni ò dùn mí.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Mi ò fẹ́ kọ eléyìí, àmọ́ òótọ́ ni: obìnrin yẹn mọṣẹ́. Ẹ̀rọ ní aṣọ ti gbẹ, iná rẹ̀ ti kú. Màmá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan òkè aṣọ ibùsùn, ó ní, "Kò tíì gbẹ. Ẹ dá a padà." Onítáì tú u wò fínnífínní bí ẹni ń wá ayédèrú owó. Igun kan ṣoṣo ló tutù, láàárín ọgbọ̀n aṣọ.

Méjì-méjì la ń ká aṣọ ibùsùn. Bí ọkàn ẹnìkejì ẹ bá rìn lọ, aṣọ náà á sọ fún ẹ. Lónìí èmi àti Onítáì ká igba láì wo ara wa lójú. Ó ní ní báńkì, ọdún mọ́kàndínlógún ló fi jókòó ti ẹnìkan, àwọn ò ṣe nǹkan kan pọ̀ rí tó báyìí. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Maṣíìnì! Maṣíìnì ìránṣọ wà lábẹ́ fèrèsé, wọ́n da aṣọ bò ó. Màmá gbọ́ pé aránṣọ ni mí, ó ní kí n jókòó tì í, kí n máa tún aṣọ ibùsùn àti aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì tó ya ṣe. Bí ẹsẹ̀ mi ṣe kan pẹ́dà báyìí, omi bọ́ lójú mi. Agbára káká ni mo fi pa á mọ́ra.

Ìrọ̀lẹ́, ó gbé ojú ìránṣọ kan sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó ní, "Hùn." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Onítáì ní òun ò tíì gba "hùn" kan láti ọjọ́ tí òun ti dé, kí n lọ fi férémù sí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Inú mi ń dùn, ẹ̀rín ń pa mí. Màmá lọ sí ìpàdé ní ọ̀sán. Mo rí agbọ̀n kan lábẹ́ tábìlì oníná — tábìlì gíláàsì tó ní iná nísàlẹ̀, a ò tíì débẹ̀ nínú iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ wa. Aṣọ aláwọ̀ ewé ló kún inú agbọ̀n náà, èyí tí wọ́n fi ń bo aláìsàn nínú yàrá iṣẹ́ abẹ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ihò bíńtín, wọ́n sì fi bírò yí ihò náà po. Hẹ̀n-ẹ́n! Ní iléeṣẹ́ wa, bí wọ́n bá yí ibì kan po lára aṣọ, ó túmọ̀ sí pé "rán níbí." Ta ló tún fẹ́ ṣàlàyé ìyẹn fún mi?

Mọ́kànlá ni wọ́n. Mo fi àkókò oúnjẹ ọ̀sán rán gbogbo wọn, òwú aláwọ̀ ewé, abẹ́rẹ́ tó tín-ín-rín jù. Mo fọ bírò ara wọn kúrò, mo fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ wọ́n, mo ká wọn, mo kó wọn sórí kẹ̀kẹ́ tó ń lọ sí yàrá ooru tí wọ́n ti ń pa kòkòrò àrùn ara aṣọ. Bí èèyàn ò bá mọ̀, kò lè rí ibi tí mo rán láéláé. Mi ò sọ fún Màmá. Mo fẹ́ kó ṣèèṣì rí i fúnra rẹ̀. Àfi kó ṣe "hùn" mọ́kànlá.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mo gbé. Mo ti kú.

Àárọ̀ yìí ni Màmá pè wá sídìí tábìlì oníná. Ó tẹ́ aṣọ aláwọ̀ ewé kan sórí gíláàsì, ó tan iná. Ó ní aṣọ yìí kì í gba omi, kì í gba ẹ̀jẹ̀, òun ló ya ara aláìsàn àti ìdọ̀tí sọ́tọ̀. Ihò tó bá wà lára rẹ̀, irin gbígbóná ni wọ́n fi ń lẹ ègé aṣọ mọ́ ọn pa. Abẹ́rẹ́ ò gbọdọ̀ kàn án láéláé. "Ihò kan lẹ fẹ́ dí, ogún ihò lẹ máa dá. Ojú yín ò ní rí i, ẹ̀jẹ̀ á rí i. Kòkòrò àrùn á rí i." Ó bẹ̀rẹ̀ láti fa agbọ̀n jáde kó fi àwọn tí òun ti yí po hàn wá. Agbọ̀n ṣófo. Ó ní, "Àwọn tó ṣiṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ ti lẹ̀ wọ́n nìyẹn. Ó dáa."

Onítáì wò mí. Ó ti rí mi lórí maṣíìnì lánàá.

Nígbà tá a jọ ń lọ sílé, ó ní kí n fara balẹ̀. Ó ní ó ku ọ̀sẹ̀ kan ààbọ̀ péré, ta ló máa mọ̀? "Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, Ìyá Aránṣọ." Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ire mi ló ń wá. Bí mo bá sọ ọ́, ìròyìn mi bàjẹ́, kọ́kọ́rọ́ ilé ti bọ́ nìyẹn. Àmọ́ kì í ṣe ẹ̀rẹ̀kẹ́ tèmi ni wọ́n máa tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì yẹn.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Màá kọ ọ́ bó ṣe jẹ́.

Mo débẹ̀ kí aago méje tó lù. Màmá ń mu tíì. Mo dúró níwájú rẹ̀, mo sọ gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kí n má baà yí ọkàn padà. Mo ń retí igbe. Kò ké. Ó ní, "Mélòó?" Mo ní mọ́kànlá. Ó ní, "Òwú wo?" Kí n tó dáhùn tán, ó ti gbé fóònù. Ó ní kí wọ́n má fọwọ́ kan ìdì aṣọ iṣẹ́ abẹ kankan.

Ìdì méjìlélógójì ni wọ́n kó padà wá. A tú gbogbo wọn, èmi, òun, àti Onítáì tó bọ́ táì fún ìgbà àkọ́kọ́. Mi ò tiẹ̀ nílò iná. Bí ìka mi bá ti kan ìránṣọ mi, mo mọ̀ ọ́n, bí ìyá ṣe ń mọ ikọ́ ọmọ rẹ̀. Ọ̀kan. Mẹ́rin. Mẹ́sàn-án. Mẹ́wàá. A tú gbogbo ẹ̀ délẹ̀. Ìkọkànlá ò sí níbẹ̀.

Màmá tún pe òkè. Nọ́ọ̀sì ní ìdì kan ti wọlé kí òun tó gbọ́, aago mẹ́sàn-án ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún bàbá kan. Mo wo aago ara ògiri. Ó ku ogún ìṣẹ́jú. Màmá pe yàrá iṣẹ́ abẹ gan-an, wọn ò gbé e.

Obìnrin yẹn sáré! Mi ò rí irú ẹ̀ rí. Ó kó yẹ̀rì dání, ó gba àtẹ̀gùn mẹ́tà-mẹ́ta. Sálúbàtà kan yọ sílẹ̀, kò bojú wẹ̀yìn. Onítáì he é, a ń sáré tẹ̀ lé e, àwọn dókítà ń yà fún wa lọ́nà. Ó dé ẹnu ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ abẹ, wọn ò lè jẹ́ kó wọlé, ó fi ìkúùkù lu gíláàsì. "Ẹ má tẹ́ ẹ! Ẹ má tẹ́ ẹ!" Nọ́ọ̀sì kan kó ìdì náà jáde, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú u ni. Mo na ìka sí i. Igun apá òsì. Iṣẹ́ ọwọ́ mi.

Àwọn ọmọ bàbá náà wà lórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀, wọn ò mọ nǹkan kan. Ọ̀kan nínú wọn dìde díẹ̀, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o."

Màmá jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó wo ibi tí mo rán. Ó ní, "Ó dára. Ìyẹn gan-an ló burú níbẹ̀. Tó bá ṣe pé wúruwùru lo rán an ni, ǹ bá ti rí i." Lẹ́yìn náà ló ní òun náà jẹ̀bi, òun ló yẹ kó kìlọ̀ fún wa lọ́jọ́ àkọ́kọ́, òun sì máa kọ tòun sínú ìwé. "Màá kọ tìẹ náà. N kì í purọ́ sínú ìwé." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Onítáì kúnlẹ̀, ó wọ sálúbàtà fún un lẹ́sẹ̀, kò sì sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

Kí n kọ ọ́ kedere: mi ò tíì bọ̀wọ̀ fún ọ̀gá kankan láyé mi tó báyìí. Ẹni tó fẹ́ kó mi sí wàhálà ni, mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó pariwo fún odidi wákàtí kan. Ta ló rán mi níṣẹ́, ṣé mo ń bá oríire ara mi jà ni, ṣé mi ò lè panu mọ́ lẹ́ẹ̀kan láyé mi. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó ní, "Ká ní ọkọ mi ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn ńkọ́?" Ó bu oúnjẹ fún mi, ẹran méjì. Kò bi mí bóyá mo ti jẹun.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Lẹ́tà dé láti ọ́fíìsì àwọn awáṣẹ́. Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá, kí n wá sọ ìdí tí wọn ò fi ní yọ mí kúrò nínú ètò.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Ọ̀gbẹ́ni Ẹ-Padà-Wá ka ìròyìn Màmá sí mi létí. "Ó ṣe àṣìṣe tó lè pa èèyàn. Òun fúnra rẹ̀ ló wá sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀." Kò sí nǹkan mìíràn. Ó yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí mi. Ìbéèrè kan ló wà níbẹ̀: ṣé ó ṣe àṣìṣe ńlá? Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní kò sí ibi tí òun lè kọ gbólóhùn kejì sí. Ojú ń tì í, mo rí i. Èmi tí mo ti fi í ṣe ẹlẹ́yà tó báyẹn, ojú wá ń ti èmi náà.

Ó ń na ìka lọ síbi "bẹ́ẹ̀ ni" nígbà tí ẹnìkan fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Màmá Kògbagbẹ̀rẹ́. Pẹ̀lú épírọ́ọ̀nù iṣẹ́. Mi ò tíì rí i nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán rí, ó dàgbà ju bí mo ṣe rò lọ.

Ọkùnrin náà kí i dáadáa, ó wá bi í pé, "Mà, pẹ̀lú ohun tí ẹ kọ yìí, ṣé ẹ ṣì lè fiṣẹ́ lé obìnrin yìí lọ́wọ́?"

Kò tiẹ̀ gbé ohùn sókè. Ó ní, "Ọjọ́ kẹjọ oṣù tó ń bọ̀, wọ́n máa la inú mi. Ní ọsibítù wa yẹn. N ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ yẹ aṣọ tí wọ́n máa tẹ́ lé mi lórí wò, kó fọwọ́ sí i. Ọdún méjìlélógún rèé tí mo ti ń yẹ tàwọn èèyàn wò, n ò lè yẹ tèmi. Òun ni mo fẹ́."

Ọ̀gbẹ́ni náà gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Ó ní kí a dúró de òun, ó kó ìwé wọlé tọ ọ̀gá rẹ̀ lọ. Ó pẹ́. Màmá ń wo ọwọ́ ara rẹ̀, èmi ń sunkún bí ọmọ ọwọ́, kò ní kí n dákẹ́. Nígbà tí ọkùnrin náà jáde, ó na ìwé ìgbanisíṣẹ́ àti bírò sí mi: ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin, òṣìṣẹ́ ilé ìfọṣọ, kì í ṣe akọ́ṣẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹrin

Aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo tan iná tábìlì. Aṣọ mẹ́rin ni ti Màmá. Èkíní, kò sí nǹkan kan. Èkejì, kò sí nǹkan kan. Lára ẹ̀kẹta, ní àárín gbùngbùn, níbi tí ikùn máa wà gan-an, ìmọ́lẹ̀ bíńtín kan yọ. Kò tó orí abẹ́rẹ́. Mo pa ojú dé, mo là á. Ó ṣì wà níbẹ̀. Mo yí i po, mo jù ú sínú agbọ̀n, mo mú òmíràn. Mo yẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo kọ orúkọ mi sínú ìwé àyẹ̀wò, èyí tí ìyá sọ mí àti èyí tí bàbá sọ mí.

Mo tẹ̀ lé kẹ̀kẹ́ náà títí ó fi dé ẹnu ilẹ̀kùn yàrá ooru.

Aago méjìlá kù díẹ̀, fóònù dún. Nọ́ọ̀sì ni. Ó ní Màmá ti jí. Ó ní ó ń bèèrè bóyá a ti kó aṣọ kúrò nínú ẹ̀rọ kejì.

Onítáì ní kí n jókòó díẹ̀. Mi ò lè jókòó. A kó aṣọ kúrò nínú ẹ̀rọ kejì.