Ìkẹ́dùn sí Ìdílé Atọpinpin, lórí Ojú Ọ̀run tí A Pè ní Òfìfo

Sí ọkọ olóògbé, àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì, àti gbogbo ẹbí,

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn, àti ìtìjú tí a kò lè fi pa mọ́, ni àwa òṣìṣẹ́ ẹ̀ka ìwádìí ìràwọ̀ fi ń bá yín kẹ́dùn ikú aya yín, ìyá yín, ẹni tí àwa ń pè ní Atọpinpin níbi iṣẹ́.

Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi bá wa ṣiṣẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ tí a fi ń ṣe ẹ̀dà ìwé ni tábìlì rẹ̀ wà, níbi tí gbogbo ènìyàn ti ń kọjá, kò sì ráhùn rí. Bí ẹni tuntun bá dé tí kò mọ ìdí iṣẹ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ la ń darí rẹ̀ sí. Báírò pupa rẹ̀ kò mọ ọ̀gá yàtọ̀ sí ọmọ iṣẹ́: àṣìṣe ẹnikẹ́ni tó bá rí, yóò fa ìlà sí i. A fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Òun náà a máa bá wa rẹ́rìn-ín.

Ó sọ fún wa pé òun máa ń ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún yín nídìí oúnjẹ. Ìràwọ̀ ńlá kan ti bú gbàmù láti ìgbà tó ti pẹ́, àjókù rẹ̀ sì ń gbòòrò lọ lójú ọ̀run. A fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti kọ lu ìkùukùu tútù tó wà nítòsí. Awò kan tí a fi ń wo ìràwọ̀, tó ń yí ayé po lókè, ló ń bá wa gba ìtànṣán rẹ̀, irú ẹ́ksíreè tí wọ́n fi ń wo egungun nílé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ mìíràn máa ń dà pọ̀ mọ́ ọn; kí a tó lè kà á, a gbọ́dọ̀ wá apá ibì kan tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀, kí a wọn ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀, kí a sì yọ ọ́ kúrò nínú ìyókù. Èmi olórí ẹ̀ka ni mo yan apá yẹn. Ọdún mẹ́wàá la fi ń yọ ọ́, tí a sì ń kọ ọ́ jáde pé àjókù ìràwọ̀ náà kò tíì kan ìkùukùu kankan.

Lọ́dún tó kọjá, ó gbé àwòrán wá bá mi, ó ti fi ìlà pupa yí apá tí mo yàn ká. Ó ní, "Ọ̀gá, ibi tí ẹ pè ní òfìfo yìí ò ṣófo o. Ìkùukùu yẹn gan-an ló wà níbẹ̀. Àjókù ìràwọ̀ ti kọ lù ú, ló ṣe ń tàn." Ohun tí à ń wá la ń fọwọ́ ara wa yọ dànù. Mo bi í lójú gbogbo ènìyàn bóyá ojú gbogbo wa ló fọ́ láti ọdún mẹ́wàá. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó kó ìwé rẹ̀, ó ní kí n má bínú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló tún padà wá, a kọ etí ikún sí i. Nígbà tí àìsàn dá a jókòó sílé, mo ní kí ẹlòmíràn tún iṣẹ́ náà ṣe, kí n lè fi hàn pé ó ṣì í. Ọ̀sẹ̀ tí ó ṣaláìsí gan-an ni èsì jáde. Òótọ́ ló sọ.

Lọ́jọ́ tí bàbá àwọn ọmọ wá kó ẹrù rẹ̀, a ti dì í sínú páálí méjì sẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀ṣọ́ ló ní kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó sọ̀ kalẹ̀. Àkọ́bí rẹ̀ ló gòkè wá bi mí pé, "Ṣé orúkọ màmá mi máa wà lórí iṣẹ́ yẹn?" Mo ní a ó wò ó. Ara mi ń bí mi nínú bí mo ti ń kọ èyí.

Ìdáhùn nìyí, ẹ má kà á sí oore. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni yóò wà lórí iṣẹ́ náà. A ó kọ̀wé sí gbogbo ibi tí a ti tẹ àṣìṣe wa jáde, a ó dárúkọ ẹni tó ṣe é àti ẹni tó rí i. Ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ mẹ́rìnlá ṣì wà níbí. Tiyín ni, èmi fúnra mi yóò gbé wọn wá bí ẹ bá gbà mí láàyè. Bí àbúrò bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ìyá rẹ̀, a ó kọ́ ọ tọkàntọkàn. Bó bá ní òun kò fẹ́ rí wa sójú, ó jàre.

Kí Ọlọ́run, tí ó rí gbogbo rẹ̀, tù yín nínú níbi tí ọ̀rọ̀ wa kò lè dé, kí ó sì dá ẹ̀yin tó ṣẹ́kù sí. Àforíjì ni a kò tọrọ lọ́wọ́ yín. Ẹni tó yẹ kí a bẹ̀ ti lọ, bẹ́ẹ̀ a ti ní odidi ọdún kan láti bẹ̀ ẹ́, a kò lò ó.

Olórí Ẹ̀ka, fún gbogbo òṣìṣẹ́